Ikùn ni kẹ́ ẹ wò: bẹ́ ẹ ṣe lè dá hillstream loach tí ò wọ́pọ̀ mọ̀

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń sin ẹja ẹlẹ́wà nínú táǹkì gíláàsì, mo kí yín o. Ó ti pẹ́ tí ọ̀rọ̀ yìí ti wà lọ́kàn mi. Àwọn èèyàn máa ń fi fọ́tò ẹja ránṣẹ́ sí mi lórí WhatsApp, láti Ọ̀yọ́, láti Ìlọrin, láti Under G ní Ògbómọ̀ṣọ́ níbí, wọ́n á ní "ẹ̀gbọ́n, ẹ jọ̀ọ́, ẹja wo rèé?", tí mo bá wá ṣí fọ́tò yẹn, ẹ̀yìn ẹja lásán ni mo máa rí, wọ́n dúró lókè wọ́n ya ẹja tó lẹ̀ mọ́ òkúta nísàlẹ̀. Mi ò lè fi ìyẹn sọ orúkọ ẹja fún ẹnikẹ́ni. Hillstream loach ni mò ń sọ, ẹja kékeré pẹlẹbẹ tó ń dì mọ́ òkúta nínú odò tó ń sáré. Abẹ́ ikùn ni wọ́n kọ orúkọ ẹja yìí sí.

Ẹja mẹ́rin kan tí mo rà ló kọ́ mi. Ọkọ̀ ló gbé wọn wá láti Èkó, mo lọ gbà wọ́n ní Tákíè ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kan báyìí tí oòrùn ṣì ń ta gan-an, ohun tí wọ́n sì kọ sára ọ̀rá ni "butterfly pleco". Mẹ́ta nínú wọn jọra, ilà dúdú àti ilà aláwọ̀ wúrà gba gbogbo ara wọn títí dé orí lẹbẹ. Ìkẹrin kéré sí wọn, ilà tiẹ̀ dá ìbú ara ni, kò gùn láti orí dé ìrù bíi tàwọn yòókù, etí lẹbẹ ẹ̀yìn ẹ̀ sì pọ́n díẹ̀. Mo ní abo ni, àbí ọmọdé wọn. Mo sọ bẹ́ẹ̀ fún odidi ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, mo tiẹ̀ sọ ọ́ fún ẹlòmíì pé bí abo wọn ṣe ń rí nìyẹn, ìyẹn sì ń dùn mí títí dòní torí onítọ̀hún gbà mí gbọ́. Ìgbà tí ẹja náà wá lẹ̀ mọ́ gíláàsì iwájú lálẹ́ ọjọ́ kan tí mo tan tọ́ọ̀ṣì sí i ni mo rí i pé abẹ́ ẹ̀ ò jọ tàwọn yòókù rárá.

Ẹ kọ́kọ́ rí i dájú pé loach ni

Orúkọ tí wọ́n ń kọ sára ọ̀rá, ẹ má gbára lé e. "Butterfly pleco", "Hong Kong pleco", "Borneo sucker", orúkọ ọjà ni gbogbo ẹ̀, ọ̀kan ṣoṣo nínú wọn lè bo ẹja oríṣi mẹ́rin márùn-ún mọ́lẹ̀, kò sì sí pleco kankan nínú wọn. Pleco gidi, Amẹ́ríkà ti Gúúsù ló ti wá, ara ẹ̀ le koránkorán bí ẹni wọ ẹ̀wù irin, ẹnu ló sì fi ń di òkúta mú. Loach tí à ń sọ yìí, Éṣíà ló ti wá, Ṣáínà, Fẹ̀tínáàmù, Laos, àti erékùṣù Borneo. Odò tó ń sáré lórí òkúta ni ilé ẹ̀, gbogbo ara ló sì fi ń dì mọ́ òkúta: ó máa tẹ́ lẹbẹ iwájú méjèèjì àti lẹbẹ ikùn sílẹ̀ pẹrẹsẹ, omi tó ń sáré á wá tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀, abẹ́ ikùn á sì fa òkúta mọ́ra. Ẹnu ẹ̀ wà lómìnira láti máa ha ọ̀bẹ̀dò jẹ. Ẹ wo ẹ̀gbẹ́ ẹnu ẹ̀ dáadáa, ẹ máa rí irùngbọ̀n kéékèèké bíi ti àrọ̀, àmọ́ wọ́n kúrú débi pé ó lè jẹ́ awò-kékeré-di-ńlá lẹ máa fi rí i.

Ẹja méjì míì wà tó máa ń dà á rú. Ọ̀kan ni Gyrinocheilus aymonieri tí wọ́n ń pè ní Chinese algae eater. Éṣíà lòun náà ti wá, àmọ́ ẹnu ló fi ń fà mọ́ gíláàsì, kò ní irùngbọ̀n kankan, ó sì ní ihò kékeré kan lókè ibi tó fi ń mí, ibẹ̀ ló ti ń gba omi wọlé nígbà tí ẹnu ẹ̀ bá ń ṣiṣẹ́. Ìkejì, ẹja ilẹ̀ wa ni, Chiloglanis. Ẹbí àrọ̀ tó ń gbé inú odò olókùúta nílẹ̀ Áfíríkà ni, ó kéré, ó pẹlẹbẹ, ètè ẹ̀ yí ẹnu ká roboto bí ìdérí ìgò, ó sì ní ẹ̀gún ní lẹbẹ ẹ̀yìn. Tí ẹnikẹ́ni bá mú ẹja bẹ́ẹ̀ wá láti odò kan níbí tó ní hillstream loach lòun rí, ẹ wo ẹnu ẹ̀ fún un. Ẹja tó dáa ni, ó yẹ ká mọ̀ ọ́n lórúkọ tiẹ̀.

Ẹ má dá a mọ̀ lọ́jọ́ tó wọlé

Àwọ̀ ẹja yìí kì í dúró sójú kan. Tó bá ti ìrìn àjò dé, á ṣì, á funfun bàràbàrà, tó bá sì di alẹ́ tẹ́ ẹ paná, á tún ṣì. Tí akọ méjì bá ń bá ara wọn jà lórí òkúta, àwọ̀ wọn á ki sí i. Òkúta funfun á jẹ́ kó mọ́lẹ̀ díẹ̀, òkúta dúdú á jẹ́ kó dúdú. Torí náà, tẹ́ ẹ bá ti da omi ọ̀rá yẹn pọ̀ mọ́ tiyín díẹ̀díẹ̀ tẹ́ ẹ sì ti tú ẹja sínú táǹkì, ẹ fi í sílẹ̀. Ó kéré tán ọ̀sẹ̀ kan sí méjì, kó jẹun, kó rí òkúta tó máa fẹ́. Ìgbà yẹn ni ìwádìí lè bẹ̀rẹ̀.

Fọ́tò tó wúlò

Ibí yìí lẹ máa ti ṣiṣẹ́ jù, ibẹ̀ sì ni ọ̀pọ̀ èèyàn ti máa ń kánjú. Fọ́tò mẹ́rin lẹ nílò: ti òkè, ti ẹ̀gbẹ́, ti abẹ́ ikùn látòkè délẹ̀, àti ti ẹnu nìkan látabẹ́.

Tẹ́ ẹ bá ní sùúrù, ẹ lè má fọwọ́ kan ẹja rárá. Ẹ jẹ́ kí ọ̀bẹ̀dò hù díẹ̀ sára gíláàsì iwájú, ẹ má nù ún fún bí ọjọ́ mẹ́rin márùn-ún, ẹja fúnra ẹ̀ á wá lẹ̀ mọ́ ọn láti jẹ ẹ́, abẹ́ ikùn ẹ̀ á wá kọjú sí yín gbangba. Ẹ pa iná yàrá, ẹ jẹ́ kí iná táǹkì nìkan wà ní títàn, ẹ wá gbé fóònù sún mọ́ gíláàsì bí ìka mẹ́rin, ẹ má tan fíláàṣì o torí gíláàsì á dá a padà sí yín lójú.

Tí ìyẹn ò bá ṣeé ṣe, ẹ wá ike tó mọ́ gaara tí ìsàlẹ̀ ẹ̀ tẹ́jú, irú èyí tí wọ́n fi ń ta kéèkì, ẹ bu omi táǹkì náà gan-an sí i, kó jìn tó ìka mẹ́ta. Ẹ má fi ipá fa ẹja yìí kúrò lára òkúta, lẹbẹ ẹ̀ á ya. Ẹ gbé òkúta náà sókè díẹ̀díẹ̀ nínú omi, ẹ fi ìka kan tì í láti ìdí, á yọ̀ bọ́ sínú àwọ̀n. Ẹ jẹ́ kí ẹnì kan gbé ike náà dání kí ẹ̀yin ya á látìsàlẹ̀, kẹ́ ẹ sì fi rúlà tẹ́ ẹ̀gbẹ́ ẹ̀ ká lè mọ bó ṣe gùn tó. Ẹ má jẹ́ kó ju ìṣẹ́jú mẹ́ta lọ. Omi inú ike kéré, ooru ilé wa níbí sì pọ̀, ọ́síjìn inú ẹ̀ á tètè tán.

Ikùn

Ó yá, ẹ gbé fọ́tò ikùn yẹn, ẹ fẹ̀ ẹ́ lójú fóònù. Ẹ wá lẹbẹ ikùn méjèèjì, àwọn tó wà lẹ́yìn lẹbẹ iwájú. Ìbéèrè tó ṣe pàtàkì jù lọ nínú gbogbo ọ̀rọ̀ yìí rèé: ṣé wọ́n so pọ̀ lẹ́yìn àbí wọ́n yà?

Tí wọ́n bá so pọ̀ tí wọ́n sì di ohun kan ṣoṣo bí àwo pẹlẹbẹ, ó ṣeé ṣe kó wà nínú ìdílé loach tí wọ́n ń pè ní Sewellia tàbí Beaufortia. Tí àlàfo bá wà láàárín wọn, tí lẹbẹ kọ̀ọ̀kan dá dúró bí àtẹ́lẹwọ́ méjì tẹ́ ẹ tẹ́ sílẹ̀ láì kan ara wọn, kì í ṣe Sewellia, kì í sì í ṣe Beaufortia, bó ti wù kí àwọ̀ ẹ̀yìn ẹ̀ jọ tiwọn tó. Pseudogastromyzon wà nínú àwọn tí lẹbẹ ikùn wọn yà. Àwọn mẹ́ta mi so pọ̀. Ìkẹrin yà. Ìṣẹ́jú kan péré ni mo fi rí ohun tí mo ti fi ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ṣì sọ.

Lẹ́yìn ìyẹn, ẹ wo etí iwájú lẹbẹ iwájú. Nínú lẹbẹ ẹja, egungun tẹ́ẹ́rẹ́ tẹ́ẹ́rẹ́ wà bí igi agbòòrùn, àwọn kan máa ń pẹ̀ka lórí, àwọn kan ò ní ẹ̀ka. Ẹ ka àwọn tí ò pẹ̀ka láti iwájú. Tó bá jẹ́ ọ̀kan ṣoṣo ni ò pẹ̀ka, ẹbí Gastromyzontidae ni. Tó bá tó méjì tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ, ẹbí Balitoridae ni, àwọn bíi Balitora àti Homaloptera tí ara wọn máa ń gùn bí alángbá. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ bá ń ka nǹkan àtijọ́, ẹ máa rí i pé inú Balitoridae ni wọ́n to gbogbo wọn sí. Ní 2012 ni onímọ̀ nípa ẹja kan tó ń jẹ́ Maurice Kottelat to ẹbí àwọn loach tún, tó sì fi Gastromyzontidae dá dúró, torí náà tẹ́ ẹ bá rí ẹbí méjì fún ẹja kan ṣoṣo, kò sẹ́ni tó parọ́, ọdún tí wọ́n kọ ọ́ ló yàtọ̀.

Ẹ wo ẹnu náà. Fọ́tò ẹnu látabẹ́ ló ṣòro jù, òun sì lẹ máa nílò jù tó bá jẹ́ Pseudogastromyzon lẹ ní lọ́wọ́, torí bí awọ ìsàlẹ̀ ètè wọn ṣe rí wà lára ohun tí àwọn onímọ̀ fi ń ya oríṣi kan sọ́tọ̀ kúrò lára èkejì. Ẹ tún wo ihò tó fi ń mí lẹ́gbẹ̀ẹ́ orí, ṣé òkè lẹbẹ iwájú ló mọ sí àbí ó wọ abẹ́ lọ. Ẹ kọ ọ́ sílẹ̀, bẹ́ ò bá tiẹ̀ tíì mọ ohun tẹ́ ẹ máa fi ṣe.

Ìgbà yìí lẹ lè wá wo àwọ̀

Sewellia lineolata ló pọ̀ jù lọ́jà, Valenciennes ló fún un lórúkọ ní 1846, àárín gbùngbùn Fẹ̀tínáàmù ló ti wá, ilà gígùn ló wà lára ẹ̀, kì í sì í fi bẹ́ẹ̀ ju sẹ̀ǹtímítà 6 lọ. Ìbátan ẹ̀ kan wà tó jẹ́ tótòtó ló wà lára tiẹ̀ dípò ilà, àwọn olùsìn ń pè é ní SEW01 torí kò lórúkọ sáyẹ́ǹsì nígbà tó dé ọjà. Beaufortia kweichowensis máa ń rí roboto jù ú lọ, àmì kéékèèké ló wà lára ẹ̀, Gúúsù Ṣáínà ló ti wá, orúkọ ìpínlẹ̀ Guizhou bí wọ́n ṣe ń kọ ọ́ láyé àtijọ́ ló wà lára orúkọ ẹ̀ yẹn.

Gastromyzon, ti Borneo ni. Gíríìkì ni orúkọ yẹn, ó túmọ̀ sí ẹni tó ń fi ikùn fà mọ́ nǹkan, "pseudo" tó wà níwájú Pseudogastromyzon sì túmọ̀ sí ayédèrú, àmọ́ ẹja tó ń jẹ́ ayédèrú Gastromyzon yìí kì í ṣe ayédèrú ohunkóhun, Ṣáínà ni tiẹ̀. Orí Gastromyzon máa ń kúrú, ó sì máa ń rí kìrìbìtì níwájú. Ohun tó ń bí mi nínú ni pé gbogbo ẹja Borneo lọjà ń pè ní Gastromyzon borneensis, torí pé òun ni Günther kọ́kọ́ fún lórúkọ ní 1874, bẹ́ẹ̀ oríṣi wọn pọ̀ rẹpẹtẹ. Ní 2006 nìkan, Tan Heok Hui fún mélòó kan lórúkọ, G. stellatus tí àmì ara ẹ̀ ń tàn bí ìràwọ̀ lójú ọ̀run dúdú wà níbẹ̀, G. zebrinus tó ní ilà bíi ti kẹ́tẹ́kẹ́tẹ́ abilà náà wà níbẹ̀. Ẹni tó bá ní ẹja alámì-ìràwọ̀ yẹn tó ń pè é ní borneensis, ó ní ohun iyebíye lọ́wọ́, kò sì mọ̀.

Ẹ má gbàgbé pé akọ àti abo kì í rí bákan náà. Lára Sewellia, tẹ́ ẹ bá wò ó látòkè, ibi tí orí akọ ti pàdé lẹbẹ iwájú máa ń yọ igun bí èjìká, egungun iwájú lẹbẹ náà sì máa ń ga, ó máa ń rí ṣákaṣàka. Ti abo máa ń rọra tẹ̀ láti orí wọ inú lẹbẹ, ara ẹ̀ sì máa ń fẹ̀ ju ti akọ lọ. Ìyàtọ̀ wọn ò ju ìyẹn lọ. Akọ tàbí abo, lẹbẹ ikùn Sewellia máa so pọ̀ ni, ibi tí èmi ti ṣìnà gan-an nìyẹn.

Ẹ béèrè odò tó ti wá

Ẹ pe ẹni tó tà á. Ẹ má béèrè orúkọ ẹja, ẹ béèrè orílẹ̀-èdè tí páálí yẹn ti wọlé, àti ẹja míì tó bá a dé nínú páálí kan náà. Tí páálí bá ti Fẹ̀tínáàmù wá, Gastromyzon ò lè sí níbẹ̀ àfi tí wọ́n bá dà á pọ̀ lójú ọ̀nà. Èmi béèrè, ẹni tó tà á fún mi ní òun náà rà á lọ́wọ́ ẹlòmíì ni, pé táǹkì kan ṣoṣo ni wọ́n da gbogbo "butterfly pleco" sí nígbà tó dé. Ọ̀rọ̀ ìkẹrin mi ti yé mi nìyẹn.

Bẹ́ ẹ ṣe máa kọ orúkọ ẹ̀

Tẹ́ ẹ bá ti mọ ìdílé ẹ̀, ìyẹn ọ̀rọ̀ àkọ́kọ́ nínú orúkọ ẹ̀, àmọ́ tẹ́ ò mọ oríṣi, ẹ kọ ọ́ báyìí: Pseudogastromyzon sp. Tó bá jọ oríṣi kan gan-an àmọ́ tí ohun kan ṣì kù tẹ́ ò tíì rí dájú, ẹ fi cf. sáàárín, bíi Pseudogastromyzon cf. cheni, ìyẹn ni pé ẹ lọ fi wé cheni. Aff. tún yàtọ̀, ohun tó ń sọ ni pé ó bá oríṣi yẹn tan àmọ́ ẹ gbà pé kì í ṣe òun. Kò sí ìtìjú kankan nínú sp. yẹn o. Ẹni tó kọ sp. ti sọ òótọ́ dé ibi tí ojú ẹ̀ rí i dé, àmọ́ ẹni tó fi ipá yan orúkọ, ẹni mẹ́wàá á kọ́ àṣìṣe lọ́dọ̀ ẹ̀, wọ́n á so akọ oríṣi kan pọ̀ mọ́ abo òmíì, wọ́n á máa dúró de ẹyin tí ò ní wá.

Ìwọ̀n ooru náà wà níbẹ̀, èyí sì kan àwa ará Ògbómọ̀ṣọ́ gbọ̀ngbọ̀n. Beaufortia àti Pseudogastromyzon tó wá láti Ṣáínà, omi tútù ni wọ́n fẹ́, ìwọ̀n 18 sí 23 lórí Celsius ló tù wọ́n lára jù. Sewellia lè gba 20 sí 25. Omi táǹkì níbí láàárín oṣù Kejì sí ìkẹrin lè kọjá 28 láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni tan nǹkan kan sí i. Omi tó wà ní ìwọ̀n 20 lè gba ọ́síjìn tó nǹkan bíi mílígíráàmù 9 nínú lítà kan, tó bá di 30, kò lè ju bíi 7.5 lọ, ẹja yìí sì ti mọ́ ọn lára láti máa gbé níbi tí ọ́síjìn ti kún dẹ́nu. Ẹni tí ò mọ̀ pé ẹja Ṣáínà lòun ní, tó ń tọ́jú ẹ̀ bí ẹja Fẹ̀tínáàmù, ó lè pa á láìmọ̀.

Ohun tí mò ń ṣe rèé. Táǹkì lítà 100, mo fi pọ́ǹpù tó ń ti lítà 1,500 ní wákàtí kan sí i, kí ojú omi máa hó. Mo gbé fáànù kékeré lé e lórí kó máa fẹ́ ojú omi, ó máa ń fa ooru wálẹ̀ ní ìwọ̀n 2 sí 3, nígbà ọyẹ́ tí afẹ́fẹ́ gbẹ ó máa ń ṣiṣẹ́ jù bẹ́ẹ̀ lọ, nígbà òjò kì í fi bẹ́ẹ̀ ṣe nǹkan kan. Omi á máa dínkù o, ẹ máa bu omi kún un. Torí iná tó ń lọ tó ń bọ̀, mo so pọ́ǹpù afẹ́fẹ́ oníbátìrì mọ́ ọn, torí wákàtí méjì láìsí ìrúkèrúdò omi pọ̀ jù fún wọn lásìkò ooru. Oòrùn ilẹ̀ wa tí ń dà wá láàmú náà wúlò: mo kó òkúta pẹlẹbẹ sínú garawa ọ̀dà funfun tí mo ti fọ̀ mọ́, mo da omi táǹkì lé e, mo gbé e síta lẹ́yìnkùlé, láàárín ọjọ́ mẹ́wàá ọ̀bẹ̀dò ti bò ó, oúnjẹ wọn nìyẹn. Ẹ jọ̀ọ́, tí ọ̀rọ̀ ẹja yìí bá sú yín, ẹ fún ẹlòmíì, ẹ má dà á sínú Odò Ọbà tàbí odò kankan, kì í ṣe ilé ẹ̀.

Ní ti ìkẹrin mi, mo ti gbé e sí táǹkì tiẹ̀, níbi tó tutù jù nínú ilé. Lẹbẹ ikùn ẹ̀ yà, egungun kan ṣoṣo ni ò pẹ̀ka níwájú lẹbẹ ẹ̀, ilà ẹ̀ dá ìbú, etí lẹbẹ ẹ̀yìn ẹ̀ pọ́n, ó gùn tó sẹ̀ǹtímítà 4 àti ààbọ̀. Fọ́tò ẹnu ẹ̀ tí mo ní ṣì rí bàìbàì, torí náà ohun tí mo fi máákà kọ sórí ìwé tí mo lẹ̀ mọ́ táǹkì ni Pseudogastromyzon sp., mo sì fi àyè sílẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀. Mi ò tíì nu gíláàsì iwájú láti ọjọ́ márùn-ún sẹ́yìn. Ọ̀bẹ̀dò ti ń hù níbẹ̀, fóònù mi sì wà lórí àga lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀.